Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ẹ̀kọ́ Lára Ọwọ́ Póòkà Tó Gba Owó Lọ́wọ́ Ẹni

Nínú póòkà tí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń ta nílé ara wọn lópin ọ̀sẹ̀, ọwọ́ (ìyẹn eré ẹ̀ẹ̀kan, láti ìgbà tí a bá pín káàdì títí ẹnì kan fi kó owó) tó gba owó jù lọ lọ́wọ́ ẹni ni a máa ń rojọ́ rẹ̀ jù, síbẹ̀ a kì í sábà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Àlàyé yìí wà fún ẹni tó ti mọ òfin Texas Hold'em, ìyẹn eré tí a ti ń pín káàdì méjì fún oníkálukú, tí a sì ń ṣí márùn-ún sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, tí ó wá fẹ́ mọ ibi tí owó rẹ̀ ń gbà lọ gan-an.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni kí ẹ ti kọ ọwọ́ náà sílẹ̀, ì báà ṣe sórí fóònù. Ẹ kọ káàdì yín, ẹ kọ àwọn káàdì ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣí tẹ̀ léra, kí ẹ sì kọ iye owó tó wà láàárín tábìlì ní ìpele kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó fi owó lélẹ̀. Bí ẹ bá fi í di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹ óò rí i pé káàdì yín ti lágbára sí i lẹ́nu yín, owó tí ẹnì kejì fi lélẹ̀ sì ti pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọwọ́ kan yẹ̀ wò. Owó dandan tábìlì náà, ìyẹn owó tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi lélẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, jẹ́ dọ́là 1 àti dọ́là 2. Ẹ ní Éèsì spade àti Jáàkì club, ẹ fi dọ́là 8 lélẹ̀, ẹni méjì san iye kan náà, àwọn tó san owó dandan sì ju káàdì wọn nù, nítorí náà dọ́là 27 ló wà láàárín. Káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ ni Jáàkì heart, 8 heart àti 7 club. Ẹ fi dọ́là 20 lélẹ̀. Ẹnì kan san án, ẹnì kejì kúrò, owó náà sì di 67. Káàdì kẹrin ni 2 diamond. Ẹ fi 45 lélẹ̀, ó tún san án, owó di 157. Káàdì karùn-ún ni 10 heart. Ẹ kò fi nǹkan kan lélẹ̀, ẹni tó ti ń fi ìdákẹ́jẹ́ san owó látẹ̀yìnwá sì fi dọ́là 100 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ san án. Ó ṣí Kíǹgì àti 6, heart ni méjèèjì, heart rẹ̀ wá pé márùn-ún, ó sì borí Jáàkì méjì yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa bínú sí ni pé kò yẹ kí ó san dọ́là 45 yẹn rárá. Òótọ́ ni. Heart 9 ló ṣẹ́kù nínú káàdì 46 tí kò tíì rí, èyí tí kò tó 20 nínú ọgọ́rùn-ún; bí a bá tilẹ̀ fi Kíǹgì mẹ́ta tó kù kún un, kò tó 27. Bẹ́ẹ̀ sì ni 45 láti jẹ 112 (67 tó wà láàárín àti 45 yín) ń béèrè pé kí ó borí ní nǹkan bí ìgbà 29 nínú ọgọ́rùn-ún kí owó rẹ̀ tó padà. Nítorí náà, dọ́là 73 tí ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀ kò ní àbùkù. Dọ́là 100 tó kẹ́yìn ni kí ẹ bi ara yín léèrè nípa rẹ̀. Ẹ san 100 láti jẹ 257, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ óò borí ní ìgbà 28 nínú ọgọ́rùn-ún kí owó náà tó padà. Ṣé ẹni tó kàn ń san owó tẹ̀ lé yín, tó wá fi ọgọ́rùn-ún lélẹ̀ lọ́jọ́ tí heart kẹta jáde, tí ẹnikẹ́ni tó bá ní 9 sì ti ní márùn-ún tó tò léra, máa ń fi irọ́ dẹ́rù bani tó bẹ́ẹ̀? Nílé ọ̀rẹ́, èmi kò rò bẹ́ẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù nínú ìṣirò náà nìyí: bí ó bá dá a lójú pé ẹ óò san ọgọ́rùn-ún nígbàkigbà tí heart bá jáde, á jẹ́ pé 45 ló ń san láti jẹ 212, èyí tí kò béèrè ju 18 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, heart 9 yẹn nìkan sì ti fún un ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ àṣìṣe rẹ̀ di èrè fún un.

Àwọn ọwọ́ kan wà tí kò ní ẹ̀kọ́ nínú. Bí ẹ bá fi Éèsì méjì pàdé Kíǹgì méjì, tí gbogbo owó sì wọlé kí káàdì ilẹ̀ tó ṣí, nǹkan bí ìgbà 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ óò pàdánù, kò sì sí ohun tí ẹ lè tún ṣe sí i. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì kọjá.

Níbi ayò, òǹwòran a máa dá sí i. Níbi póòkà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ọwọ́ tí kò tíì parí. Kódà bí ó bá parí, ẹ má ṣe máa kọ́ ẹni tó jẹ yín ní ìṣirò lójú àwùjọ, nítorí ẹ óò tì í lójú, tàbí kẹ̀, ẹ óò kọ́ ọ bí kò ṣe ní san owó àìtọ́ fún yín mọ́. Tó bá di ọ̀la, ẹnì kan tó mọ eré náà jù yín lọ ni kí ẹ pè. Ẹ ka ọwọ́ náà fún un títí dé ibi tí ẹnì kejì ti fi ọgọ́rùn-ún lélẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá béèrè ohun tí ẹni yẹn ṣí, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí òun ì bá ṣe.