Ẹ Yé Lọ Òkúta Bí Ẹ̀lùbọ́: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Fífi Ìfófó Kó Òjé

Inú ń bí mi lónìí, ẹ fi jì mí. Láàárọ̀ yìí ni àbúrò kan gbé àpò mẹ́ta wọ yáàdì mi n'Íjẹ̀bú-Òde, òkúta òjé tó rà láti Ebonyi, ó ti sanwó ọkọ̀, ó ti sanwó aláàárù, ó wá ń rẹ́rìn-ín pé "Bọ̀dá, mo ti bá yín lọ̀ ọ́ sílẹ̀ o, ó kúnná ju gàrí Ìjẹ̀bú lọ." Mo tú ẹnu àpò, ó bú jáde bí páúdà ọmọdé. Mo ní kó sún sẹ́yìn, kó bo imú ẹ̀. Mo wá jókòó. Owó ọmọ ọlọ́mọ ti wọgbó nìyẹn. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju yín lọ ni mo ṣe ń kọ eléyìí, gbogbo ohun tí mo fẹ́ kìlọ̀ ẹ̀ yìí ni èmi náà ti ṣe, òmíràn wà níbẹ̀ tí mo ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti A B D. Ẹni tó bá ti débi flotation ti mọ̀ pé a ń fi kẹ́míkà mú kí ara òjé kọ omi, kí róbótó afẹ́fẹ́ tó ń gòkè lè gbé e wá sójú omi, kí á sì gbá ìfófó ẹ̀ kúrò. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tówó ti ń jò.

Ìkíní: lílọ àlọjù. Ibí ni màá pẹ́ sí, ẹ gbé àga wá.

Ẹnì kan á sọ fún yín pé ẹ lọ̀ ọ́ títí òjé á fi bọ́ lára òkúta tó dì í mọ́ra. Òótọ́ ni. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa ń sọ ibi tẹ́ ẹ máa dúró. Ọ̀pọ̀ nǹkan tá a ń fi ìfófó kó ló jẹ́ pé bíi 20 micron sí 100, tàbí 150, ló ti ń léfòó dáadáa. Tẹ́ ẹ bá pín mìlímítà kan sí ẹgbẹ̀rún, ìdá kan ẹ̀ ni micron kan. Irun orí èèyàn kan ṣoṣo máa ń tó bíi 70 micron ní fífẹ̀, kẹ́ ẹ lè fojú inú wò ó. Tó bá ti wálẹ̀ kọjá 10, wàhálà dé nìyẹn, torí agbára káká ló máa fi kan afẹ́fẹ́ yẹn.

Kí ló dé tó fi ṣòro fún un láti kàn án? Ẹ lọ dúró létí màrósẹ̀ Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wo tírélà tó ń bọ̀ pẹ̀lú eré. Ewé gbígbẹ tó wà lójú ọ̀nà, atẹ́gùn iwájú tírélà yẹn á gbé e yí ẹ̀gbẹ́, kò ní fara kàn án. Àmọ́ òkúta tí táyà ọkọ̀ iwájú ta sókè, gbàù ló máa bá gíláàsì, torí ó wúwo, kò lè yà fún un. Bó ṣe rí nínú omi náà nìyẹn. Róbótó afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ wa máa ń tó mìlímítà kan, òjé tẹ́ ẹ lọ̀ di 5 micron, ọgọ́rùn-ún méjì irú ẹ̀ ló máa tò kó tó gùn tó afẹ́fẹ́ kan, omi á kàn gbé e yípo afẹ́fẹ́ yẹn, wọ́n á kí ara wọn pé ó dàbọ̀.

Kò tán síbẹ̀. Èyí tó kúnná yẹn náà ló ń jẹ kẹ́míkà. Gé iṣu kan sí mẹ́rin kẹ́ ẹ fi epo pa á lára, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá rin iṣu kan náà bí ewùrà ìkọ́kọrẹ́ kẹ́ ẹ tún fi epo pa gbogbo ẹ̀ lára, ẹ máa rí i bí epo ṣe máa tán. Nǹkan tó jẹ́ 100 micron, tẹ́ ẹ bá lọ̀ ọ́ di 10, ara tí kẹ́míkà máa bò ti di ìlọ́po mẹ́wàá, ìwọ̀n òkúta ò sì yí padà. Ẹrẹ̀ amọ̀ tún wà níbẹ̀ tó máa lẹ̀ mọ́ òjé tó dáa lára bí ẹfun, kẹ́míkà ò ní ríbi dì mú.

Ti ìkẹyìn ló burú jù torí ó ń tan èèyàn jẹ. Èyí tó kúnná gan-an, ì báà jẹ́ òjé, ì báà jẹ́ yanrìn lásán, máa ń bá omi inú ìfófó gòkè. Kì í ṣe pé afẹ́fẹ́ yàn án, omi ló gbé e. Bí ẹ bá da omi sí gàrí tí ìyàngbò ẹ̀ léfòó, ṣé gbogbo nǹkan tó bá omi yẹn dànù ni ìyàngbò ni?

Bó ṣe mú èmi náà nìyẹn. Lọ́dún 2016, mo lọ kílò 40 fún wákàtí méjì gbáko nínú ball mill, àgbá tó ń yí pẹ̀lú bọ́ọ̀lù irin nínú, mo da kẹ́míkà sí i, ìfófó gòkè, ó dúdú, ó ń dán, ó ki bí ògì. Mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Mo pe aládùúgbò. Ẹ gbọ́ tẹni tórí ẹ̀ ò pé, mo lọ sọ fún règbérègbé mi pé èmi ni màá ra aṣọ Ojúde Ọba ọdún yẹn fún gbogbo wa. Èsì lábù dé: òkúta tí mo gbé wọlé, òjé inú ẹ̀ jẹ́ 9 nínú 100. Ìfófó tó ń dán? 14. Èyí tí mo dà nù? 7. Ìyẹn ni pé kò tó ìdajì òjé yẹn tí mo rí kó, bíi 44 nínú 100, yanrìn ló sì pọ̀ jù nínú èyí tí mo ń fi yangàn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣì ń pè mí ní Aláṣọ títí di òní.

Nítorí náà, ẹ máa lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ lọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ yọ èyí tó ti kúnná tó, èyí tó kù nìkan ni kó padà sínú ẹ̀rọ. Asẹ́ tí wọ́n ń pè ní 200 mesh máa ń jẹ́ kí èyí tí kò tó 75 micron kọjá, ẹ ra ìyẹn kẹ́ ẹ tó ra kẹ́míkà kankan. Òjé rọ̀, ó máa ń fọ́ kí òkúta ẹgbẹ́ ẹ̀ tó fọ́, tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ òun gan-an lẹ ń sọ di ẹrẹ̀.

Ìkejì: ríra kẹ́míkà kẹ́ ẹ tó mọ òkúta. Láti nǹkan bí 1925 ni wọ́n ti ń lo xanthate, kẹ́míkà kan tó ń mú kí ara òjé kọ omi, ó dáa fún òjé tó bá ṣì wà pẹ̀lú imí-ọjọ́, èyí tó ń dán yẹn. Òkúta tí òjò àti oòrùn ti jẹ ara ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, tó ti pàwọ̀ dà, xanthate nìkan ò ní dá a lóhùn. Ẹ gbé díẹ̀ lọ fún ẹni tó mọ òkúta wò kẹ́ ẹ tó náwó. Ẹ sì gbóòórùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, èyí tó ti gbomi sára tó ń rùn fìnfìn ti ń bàjẹ́ lọ, ẹnì kan ti ta irú ẹ̀ fún mi rí l'Ékòó, mo ní bóyá bó ṣe máa ń rùn nìyẹn.

Ẹ má da ásíìdì mọ́ xanthate láé, gáàsì olóró ló máa gbé jáde.

Ìkẹta, omi. Omi bóhóólù kì í ṣe ọ̀kan náà kiri. Mo ti lo omi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣàgámù, tí òkúta ẹfun wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, mo ń fi kẹ́míkà sodium oleate gbìyànjú barite, òkúta míì tí kì í ṣe òjé, kò sí ohun tó gòkè fún ọjọ́ mẹ́rin. Oleate yẹn, ọṣẹ náà ni. Ọmọ ìyá àgbà kan tó wà ní yáàdì ló wá sọ pé "Bọ̀dá, omi yìí kì í jẹ́ kọ́ṣẹ hó, tá a bá fẹ́ fọṣọ, omi òjò la máa ń lò." Ọmọ ọdún méjìlá! Calcium inú omi ló ń gba ọṣẹ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ fi ọṣẹ dán omi wò kẹ́ ẹ tó fi kẹ́míkà olówó gọbọi dán an wò.

Èyí tó kàn, ìkẹrin ni àbí ìkarùn-ún, mi ò mọ̀ mọ́: kẹ́ ẹ da collector (kẹ́míkà tó ń mú kí òjé kọ omi) àti frother (èyí tó ń mú kí omi hó) pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ ráyè lẹ̀ mọ́ òjé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ná.

Ẹ ò wọn pH, ìyẹn bóyá omi yín kan bí ásíìdì tàbí kò kan. Ẹ wọ̀n ọ́n.

Àṣìṣe míì ni kẹ́ ẹ máa lọ òjé nínú ẹ̀rọ ata tàbí ẹ̀rọ ẹ̀lùbọ́ àdúgbò. Eléyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Lọ́dún 2010 ní Zamfara, ilé ni àwọn èèyàn ti ń lọ òkúta góòlù tó ní òjé nínú, eruku ẹ̀ pa ọmọdé tó tó 400. Ẹ bomi sí i kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́, ẹ má wọ aṣọ yẹn wọlé bá ọmọ yín.

Àwọn tó ń wo fídíò tí wọ́n wá ń sáré ra ẹ̀rọ tó ń ṣe afẹ́fẹ́ kéékèèké láti Ṣáínà, mo gbọ́ yín. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ tó kéré ń ran èyí tó kúnná lọ́wọ́. Graeme Jameson ní Australia ti ṣe ẹ̀rọ kan nídìí ọ̀rọ̀ yìí láàárín 1980 sí 1990, wọ́n sì ń lò ó káàkiri ayé. Àmọ́ ẹ̀rọ ò lè san gbèsè tí ẹ̀rọ ìlọ̀ jẹ. Mo mọ̀ torí àpò òkúta 2016 yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, lọ́dún tó kọjá mo gbé páìpù PVC gígùn dúró, mo so ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀, mo ń wọ́n omi mímọ́ sórí ìfófó kó lè fọ yanrìn padà sísàlẹ̀. Ó jò títí, mo fi ọ̀dà àti aṣọ àkísà dì í. Nígbà tí lábù dá mi lóhùn, òjé inú ìfófó ti kúrò ní 14, ó di 31, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ẹ̀ pe ìyàwó mi. Mo wá ṣe ìṣirò: 47 nínú 100 ni mo rí kó. Omi yẹn fọ yanrìn kúrò lóòótọ́, àmọ́ òjé tí mo lọ̀ di ẹrẹ̀ fún wákàtí méjì, inú ẹrẹ̀ ló ṣì wà.