Bí A Ṣe Ń Tún Bọ́nẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Tí Kò Ṣí Tàbí Tí Kò Tì Dáadáa Ṣe

Ohun méjì ni ó sábà máa ń dá bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ dúró: lọ́ọ̀kù kékeré tí ó wà lókè rédíétọ̀, àti wáyà tí ó so lọ́ọ̀kù náà mọ́ ọwọ́ tí awakọ̀ ń fà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ní agbègbè wa, láti Kàbà dé Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, eruku pupa ọ̀nà oko máa ń wọ inú lọ́ọ̀kù yìí ní ìgbà ọyẹ́, yóò pò mọ́ gírísì àtijọ́, yóò sì gan síbẹ̀ bí amọ̀. Bí òjò bá wá dé, irin náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ mìíràn tí ó ti Amẹ́ríkà tàbí Kánádà wá ti dógùn-ún kí wọ́n tó gúnlẹ̀ rárá, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì níbẹ̀ láti fi yọ́ yìnyín.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ sì jẹ́ kí ọkọ̀ tutù, nítorí pé fáànù rédíétọ̀ àwọn ọkọ̀ kan lè dédé yí lẹ́yìn tí a bá ti pa wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra fa ọwọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kí ẹ sì kíyè sí bí ó ṣe rí lọ́wọ́ yín. Bí ó bá le, tí ẹ sì mọ̀ pé nǹkan kan dì í mú, wáyà kò tíì já. Lọ́ọ̀kù ni ó gan. Bí ó bá ń mì lásán láìsí ohun tí ó dì í mú, wáyà ti já tàbí ó ti yọ kúrò ní ojúkò rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ lọ́ọ̀kù ni, ẹ wá ẹnì kejì. Kí ẹnìkan fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, ní ọ̀kánkán lọ́ọ̀kù gan-an, kí ẹnì kejì sì fa ọwọ́ inú ọkọ̀ ní àkókò kan náà. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yìí ni ó máa ń mú ìnira kúrò lára ìkọ́ tí ó há, ó sì sábà máa ń ṣí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí a bá ti ń tẹ̀ ẹ́ tí a sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ àṣà fífi ìkúùkù lu bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí fífi irin hú u láti ẹ̀gbẹ́, nítorí páànù náà fẹ́lẹ́, owó tí páńẹ́ẹ̀lì bítà yóò sì gbà lè ju owó lọ́ọ̀kù tuntun lọ.

Bí wáyà bá ti já, ìtòsí ọwọ́ tí a ń fà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ tú ike tí ó bò ó, ẹ fi píláyà di etí wáyà tí ó wà nínú rọ́bà mú, kí ẹ sì fà á gbọọrọ. Bí ó bá jẹ́ iwájú ni ó ti já, ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sí àárín gírìlì, kí ẹ fi síkùrúdíráfà gígùn ti apá kékeré tí wáyà so mọ́ lára lọ́ọ̀kù. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, àfi kí a tú gírìlì tàbí kí a gba abẹ́ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró.

Nígbà tí ó bá ṣí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti kẹrosíìnì díẹ̀ fọ lọ́ọ̀kù náà, jìnnà sí iná, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi gírísì tuntun díẹ̀ sí i. Wáyà tí ó ti já kò ṣeé so pọ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ tó fa ti àtijọ́ jáde, ẹ so okùn tín-ín-rín mọ́ ìdí rẹ̀, kí okùn náà lè gba ọ̀nà rẹ̀ kọjá, òun ni ẹ ó sì fi fa ti tuntun wọlé.

Ìdánwò kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fò. Kí ẹ tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ẹ fi síkùrúdíráfà ti ìkọ́ inú lọ́ọ̀kù títí tí yóò fi tì, lẹ́yìn náà ẹ fa ọwọ́ inú ọkọ̀ kí ẹ wò ó bóyá ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí kò bá jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣì wà lókè, kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti pa á dé.

Ní ti bọ́nẹ́ẹ̀tì tí kò tì, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ìkọ́ náà ti tì ṣáájú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fa ọwọ́ inú ọkọ̀, yóò padà sí àyè rẹ̀. Bí ó bá wà ní ṣíṣí tí kò sì dì mú síbẹ̀, lọ́ọ̀kù ti sún kúrò lójú ọ̀nà irin kékeré abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ó yẹ kí ó wọ inú rẹ̀, èyí tí ó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ tí ó ti fi imú gbá nǹkan rí. Ẹ fi ìṣó fa ìlà yí lọ́ọ̀kù ká kí ẹ lè mọ ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀ (sípánà 10 ni ó sábà máa ń bá a mu lára Toyota), kí ẹ sì sún un díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ga jù, bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò máa gbọ̀n lójú ọ̀nà. Bí ó bá sì rẹlẹ̀ jù, kò ní fẹ́ tì. Ẹ tún wo rọ́bà méjì tí ó wà ní igun iwájú, nítorí pé bí wọ́n bá yọ sókè jù, wọn kò ní jẹ́ kí ó wọlẹ̀ tó. Ẹ yí wọn sísàlẹ̀ díẹ̀. Kí ẹ wá jẹ́ kí bọ́nẹ́ẹ̀tì já bọ́ fúnra rẹ̀ láti nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30.

Bí àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá fẹ̀ níbì kan tí ó sì há níbòmíràn, àwọn irin ẹ̀yìn tí ó gbé e ró ni ó ti tẹ̀, iṣẹ́ páńẹ́ẹ̀lì bítà sì nìyẹn.

Ìkọ́ kejì, èyí tí a ń fi ìka wá kí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó lè gbé sókè, kì í ṣe ohun tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé lórí eré. Atẹ́gùn lè gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì náà lu gíláàsì iwájú, ẹ kò sì ní rí tírélà símẹ́ńtì tí ó ń bọ̀ níwájú yín. Bí ó bá di dandan kí ẹ gbé ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ fi okùn tí ó nípọn so irin abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́ irin tí ó gbé rédíétọ̀ ró, ẹ rọra máa lọ gba inú ìlú, kí ẹ má sì ṣe bọ́ sí ọ̀nà Ọbàjànà, níbi tí àwọn tírélà símẹ́ńtì ń gbà.