Èènì Kò Lè Di Àlàfo Kóńgò Tí A Lù Nídìí

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù láàrin àwa tí a ń ta oúnjẹ ní Èkìtì ni pé a máa ń wá èrè ní ọ̀nàkọnà láti oṣù kìn-ín-ní, tí ọdún bá wá ń parí lọ, a ó pín ìrẹsì fún àwọn opó, a ó sì ka ìyẹn sí ojúṣe wa sí ìlú. Ọ̀nà tí owó gbà wọlé ni ojúṣe wa àkọ́kọ́.

Ẹ wo kóńgò. Àwọn kan ń fi òòlù lu ìdí rẹ̀ títí yóò fi yọ sókè nínú, àwọn mìíràn ń yọ́ àbẹ́là sí i. Tí wọ́n bá wọn gàrí tán, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e gẹ́gẹ́ bí èènì, oníbàárà á sì máa dúpẹ́ lórí ohun tí kò tó ìdajì èyí tí wọ́n yọ nínú ọjà tí ó sanwó rẹ̀. Ẹ má ṣe é. Bí ẹ̀gẹ́ bá wọ́n, ẹ fi owó lé ọjà ní gbangba, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 náà kò fàyè gba irú ìtànjẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì kánjú yan gàrí nítorí pé ọjọ́ ọjà kù sí dẹ̀dẹ̀. Rírin ẹ̀gẹ́, jíjẹ́ kí ó kan, fífún un àti yíyan án dáadáa ló ń dín oró sáyánáìdì inú rẹ̀ kù. Ẹni tí ó bá gé ọjọ́ kúrò níbẹ̀, ara ẹlòmíràn ló fi ń wá owó. Bákan náà ni ti aró Sudan, àwọ̀ pupa tí kì í ṣe fún jíjẹ, tí wọ́n ń pò mọ́ epo pupa àti káábáìdì àwọn wẹ́dà tí wọ́n fi ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n: NAFDAC, àjọ ìjọba tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti kìlọ̀ nípa méjèèjì.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe kan tí ó ń dùn mí títí di òní. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gàrí, mo máa ń dá owó àwọn ìyá tí ń bó ẹ̀gẹ́ dúró di ìgbà tí ọjà bá tà, mo sì ń pè é ní ọgbọ́n òwò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn nu ọ̀bẹ rẹ̀ sára ìró, ó ní: “Ọmọ mi, agbọ̀n mẹ́rin ni mo bó lónìí. Kí ni n ó fi se oúnjẹ alẹ́?” Láti ọjọ́ náà, owó tiwọn ni mo kọ́kọ́ ń yà sọ́tọ̀ kí n tó ka èrè, wọn a sì gbà á kí wọ́n tó ṣan ọwọ́ lọ sílé.