Bí mo ṣe lóye bọ́ọ̀lù àwọn ará Torino

Ẹni tó bá ń gbé Ítálì, tó fẹ́ mọ ohun tí bọ́ọ̀lù jẹ́ fún wọn, kó má fi tábìlì líìgì bẹ̀rẹ̀. Torino ni mò ń gbé. Ẹgbẹ́ méjì ló wà nílùú: Juventus, aláṣọ dúdú òun funfun, àti Torino, tí aṣọ tiwọn pọ́n bí osùn. Mo bi ẹnìkan níbi iṣẹ́ pé kí ló dé tó fi ń ṣe Torino. Ó ní bàbá òun ló ń ṣe é, bàbá bàbá òun náà sì ṣe é. Mo rí i pé ìtàn ìlú ni kí n wá lọ.

Ilé kọfí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n á gbé Gazzetta dello Sport, ìwé ìròyìn aláwọ̀ pínkì yẹn, sílẹ̀, àríyànjiyàn á sì gbóná. Mo fetí sílẹ̀, mi ò dá sí i. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé láti 1923 ni ìdílé Agnelli, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Fiat nígbà náà, ti mú Juventus lọ́wọ́, àti pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gúúsù Ítálì wá ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ló di ọmọ Juventus. Àwọn ti Torino a máa sọ pé àwọn ni ọmọ onílùú.

Lẹ́yìn náà ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. Orúkọ, ọjọ́ ìbí àti ìlú tí wọ́n ti bíni ni wọ́n ń gbà, wọ́n á sì fi wé ìwé ìdánimọ̀ lẹ́nu géètì. Ẹ fara balẹ̀ kọ orúkọ Yorùbá yín bó ṣe wà lórí ìwé. Curva Maratona ni mo dúró sí, apá pápá ìṣeré táwọn alátìlẹyìn Torino ti máa ń kọrin. Ẹ má wọ dúdú òun funfun débẹ̀ o.

Ṣùgbọ́n orí Superga, òkè kan lẹ́bàá ìlú, ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Ní ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, 1949, bàálù tó ń gbé ẹgbẹ́ Torino bọ̀ láti Lisbon kọlu ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà lórí òkè náà. Èèyàn 31 ló kú, 18 nínú wọn jẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe kékeré: ní 1947, nígbà tí Ítálì gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Họ́ngárì, 10 nínú àwọn 11 tó wọ pápá ló jẹ́ ti Torino. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ yẹn, balógun ikọ̀ Torino ti ìsinsìnyí á dúró níwájú òkúta ìrántí, á ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bá èrò gòkè. Arúgbó wà níbẹ̀, ọmọdé wà lórí èjìká bàbá wọn. Nígbà tó kan Valentino Mazzola, balógun ẹgbẹ́ tó kú yẹn, ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ń pe orúkọ náà kí wọ́n tó kà á. Ọjọ́ yẹn ni mo di ọmọ Torino, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí wọ́n gba líìgì kẹ́yìn ni 1976.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ tètè gòkè, torí èrò máa ń pọ̀. Ẹ má dúró síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni òkúta náà wà.