Ẹ má tíì pe ẹ̀rọ téèpù yín ní òkú

Ẹ so ẹ̀rọ téèpù LTO (irú téèpù tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì) mọ́ kọ̀ǹpútà Linux, ẹ ò rí i. Kí ẹ tó gbé e padà fún ẹni tó tà á, ẹ kọ́kọ́ yẹ àwọn àṣìṣe wọ̀nyí wò.

lsblk àti fdisk ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wá a, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣìnà. Dísíìkì ni irinṣẹ́ méjèèjì ń kà. Téèpù kì í ṣe dísíìkì, kò ní hàn níbẹ̀ láéláé, kódà bí ara rẹ̀ bá le koko. lsscsi -g ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ wá ìlà tó ní "tape". Ìparí rẹ̀ ló yẹ kí ẹ ti rí /dev/st0 àti /dev/sg pẹ̀lú nọ́ńbà. Bó bá jẹ́ "-" ló wà níbi tó yẹ kí /dev/st0 wà, Linux ti rí ẹ̀rọ náà, dráífà ni kò tíì wọlé: sudo modprobe st.

Bí ìlà náà kò bá sí rárá, ẹ wo káàdì tí ẹ so ó mọ́. Ẹ má lo káàdì RAID, ìyẹn èyí tó ń da dísíìkì púpọ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Púpọ̀ nínú wọn kì í jẹ́ kí téèpù kọjá sọ́dọ̀ Linux. HBA SAS lásán (káàdì tó kàn ń so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà) tó wà ní ipò IT, ìyẹn ipò tó ń jẹ́ kí Linux rí ẹ̀rọ ní tààrà, ló dára. Ẹ má sì tan kọ̀ǹpútà ṣáájú ẹ̀rọ téèpù. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ fi àṣẹ yìí ní kí Linux tún wá a:

echo "- - -" | sudo tee /sys/class/scsi_host/host*/scan

Ẹ má kọ ọ́ ní sudo echo pẹ̀lú ">", nítorí sudo kò dé ọ̀dọ̀ ">" yẹn. "Permission denied" ni ẹ ó rí.

mt ni àṣẹ tó ń darí téèpù. Ẹ má tẹ mt status lásán. Bí ẹ ò bá dárúkọ ẹ̀rọ, /dev/tape ni mt sábà máa ń wá, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ẹ fi mt-st sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ mt -f /dev/nst0 status (ẹ̀rọ kan náà ni st0 àti nst0 ń tọ́ka sí). ONLINE túmọ̀ sí pé kásẹ́ẹ̀tì ti wọlé. DR_OPEN, kò sí kásẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀. Bí wọn ò bá gbà yín láyè, sudo usermod -aG tape $USER, kí ẹ jáde kí ẹ tún wọlé. Bí ẹ̀rọ bá kọ kásẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ìran rẹ̀: LTO-8 kò lè ka LTO-6, LTO-7 àti LTO-8 nìkan ló ń kà.

Èyí tó ń dùn wá jù ni ti /dev/st0, torí pé òun ló ń pa fáìlì run. Gbogbo ìgbà tí àṣẹ kan bá parí lórí st0, téèpù á yí padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi tar (àṣẹ tó ń kó fáìlì pọ̀) kọ fáìlì ti ọjọ́ Ajé síbẹ̀, ẹ tún kọ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ti Ìṣẹ́gun á bọ́ sórí ti Ajé. Kò tún mọ síbẹ̀. Ibi tí ìkọ̀wé tuntun bá dúró sí ni ẹ̀rọ máa kà sí òpin téèpù, nítorí náà megabáìtì 5 lè sọ gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ di ohun tí ọwọ́ kò lè tó mọ́. nst0 kì í yí padà. Òun ni kí ẹ lò. Kí ẹ tó dán ohunkóhun wò pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì tó ti ní nǹkan nínú, ẹ ti bọ́tìnnì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí ibi tí kò ní gba ìkọ̀wé.