Bẹ́ Ẹ Ṣe Lè Sọ Nọ́ńbà Inú Fóònù Di Ọ̀nà Oko Tí Èèyàn Lè Tọ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ oníkòkó, àtẹ̀yin ọmọ tí ẹ̀ ń bá wọn tẹ fóònù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí dáadáa. Ó ti wá di àṣà báyìí kí ẹni tó ń ra kòkó rán ọmọ kan wá lórí ọ̀kadà, á dé oko, á yọ fóònù, á tẹ̀ ẹ́, á kọ nǹkan sínú ìwé tiẹ̀, ó di gbére. Olóko ò mọ ohun tó kọ, bí wọ́n bá sì padà wá sọ pé oko ẹ̀ bọ́ sínú igbó ọba, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀ tó máa fi gbèjà ara ẹ̀. Nọ́ńbà oko yín, ìyẹn nọ́ńbà méjì tí fóònù fi ń sọ ojú ibi tí oko wà, ọwọ́ yín ló yẹ kó kọ́kọ́ wà, kẹ́ ẹ sì mọ ohun tó ń wí.

Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè ẹ̀ ni pé lọ́dún 2023, àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin kan pé kòkó, kọfí, epo ọ̀pẹ, rọ́bà àti pákó tó bá máa wọ ọjà wọn, kò gbọdọ̀ wá láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó ẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin yẹn máa múlẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ ẹ má torí ìyẹn jókòó. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni ojú ibi tí oko wà gan-an, kí nọ́ńbà mẹ́fà wà lẹ́yìn póíńtì, tí oko bá sì ju hẹ́kítà 4 lọ, ìyẹn bí éékà 10, wọ́n fẹ́ ká yí gbogbo ààlà ẹ̀ po ni, ojú kan ṣoṣo ò tó.

Bí fóònù ṣe ń mọ ibi tẹ́ ẹ wà

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fóònù ò lè mọ ibi téèyàn wà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn sátẹ́láìtì GPS ti Amẹ́ríkà wà lókè lọ́hùn-ún, ó ju 20,000 kìlómítà lọ sílẹ̀ ibí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru, fóònù yín ń gbọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, tó bá ti gbọ́ mẹ́rin nínú wọn dáadáa ó ti lè ṣírò ibi tẹ́ ẹ dúró sí. Dátà ò sí níbẹ̀. Àwòrán máàpù ló ń jẹ dátà, ẹ sì lè wa máàpù agbègbè yín sílẹ̀ látìlú kẹ́ ẹ tó lọ sóko, Google Maps gbà á, OsmAnd àti Organic Maps, tí wọ́n jẹ́ áàpù máàpù míì, náà gbà á.

Ohun tó ń dà á láàmú lóko kòkó ni ewé. Abẹ́ kòkó tó ti dí, pàápàá lẹ́yìn òjò, fóònù ò ní gbọ́ dáadáa, á máa fò káàkiri. Ẹ wá ibi tójú ọ̀run ti hàn, bíi ibi tẹ́ ẹ ti ń sá kòkó, ẹ dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Lórí Google Maps ẹ máa rí àmì róbótó aláwọ̀ búlúù, tí òbìrí kan tí àwọ̀ ẹ̀ fúyẹ́ sì yí i ká, òbìrí yẹn ni fóònù fi ń sọ pé "ibi kan nínú ibí ni mo wà o". Tó bá ṣì fẹ̀, ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Níbi tójú ọ̀run ti ṣí, fóònù tó dáa máa ń ṣe é dé bíi mítà 5, ìyẹn sì tó fún oko.

Tí òbìrí yẹn bá ti kéré, ẹ tẹ ìka mọ́ ojú ibi tẹ́ ẹ wà lórí máàpù kẹ́ ẹ má tètè gbé e kúrò, àmì pupa kan á jáde, nọ́ńbà méjì á sì hàn. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé, kì í ṣe inú fóònù nìkan, torí fóònù lè sọnù.

Ohun tí nọ́ńbà ń sọ

Àkọ́kọ́ ni latitude, ó ń sọ bẹ́ ẹ ṣe jìnnà sí ìlà tó gba àárín ayé kọjá, síhà àríwá. Èkejì ni longitude, ó ń sọ bẹ́ ẹ ṣe jìnnà sí ìlà tó gba Greenwich ní London, síhà ìlà oòrùn. Ìlú Oǹdó wà ní bíi 7.09, 4.84, Ìbàdàn ní bíi 7.38, 3.95. Nílẹ̀ Yorùbá ti Nàìjíríà níbí, àkọ́kọ́ máa ń wà láàárín 6 sí 9, èkejì láàárín 2 sí 6, ẹ há ìyẹn sórí torí ẹ máa fi mú irọ́ nílẹ̀. Tẹ́nì kan bá kọ nọ́ńbà oko Oǹdó sódì, tó fi èkejì ṣáájú, máàpù á gbé oko náà lọ sí Rivers, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Port Harcourt. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti Ìbàdàn, inú òkun ló bọ́ sí yẹn. Tó bá sì fi àmì ìyọkúrò síwájú èkejì, oko Oǹdó ti di oko Côte d'Ivoire, orílẹ̀-èdè tí kòkó pọ̀ sí ju tiwa lọ, ẹni tó ń wò ó lókè òkun lè má tiẹ̀ fura.

Àwọn fóònù kan á kọ ọ́ báyìí: 7°05'24". Ẹ má kàn yọ àwọn àmì yẹn kúrò kẹ́ ẹ wá kọ 7.0524 o, ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn. Ẹ fi 60 pín 5, ẹ fi 3600 pín 24, ẹ ro méjèèjì pọ̀ mọ́ 7, ohun tó máa jáde ni 7.09. Ẹni tó kọ 7.0524 ti sún oko lọ síhà gúúsù ní bíi kìlómítà 4, abà ẹlòmíì ló wà yẹn. Tí ìṣirò ò bá wù yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà gan-an sínú Google Maps, á bá yín yí i padà.

Ẹ má gé nọ́ńbà ẹ̀yìn póíńtì kúrò. Tó bá ku méjì, àṣìṣe ẹ̀ lè tó kìlómítà kan, mẹ́ta ń sọ nípa bíi mítà 110, mẹ́rin bíi mítà 11, márùn-ún bíi mítà kan. Tí fóònù bá fún yín ní mẹ́rin péré, ẹ má lọ fi òdo méjì kún un kó lè pé mẹ́fà, irọ́ nìyẹn, ẹ lọ wá fóònù míì.

Nọ́ńbà nìkan ò mú àlejò délé

Ẹ tẹ nọ́ńbà oko sínú máàpù kẹ́ ẹ wo orúkọ tó máa fún yín, lọ́pọ̀ ìgbà "Unnamed Road" ni, torí kò sẹ́ni tó tíì kọ orúkọ abà yín sí i. Ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́. Ohun tí mo gbà yín níyànjú ni kẹ́ ẹ mú nọ́ńbà ibi mẹ́ta: ibi tí mọ́tò ń dé dúró, ibi tí ọ̀kadà ń dé dúró, àti inú oko gan-an. Máàpù lè fa ìlà tààrà lọ sóko, kódò wà láàárín, kí afárá sì wà níbòmíì pátápátá, àlejò á kàn dúró sétí odò ni. Lẹ́yìn náà ẹ kọ orúkọ abà, orúkọ baálẹ̀, ìkóríta tí wọ́n ti máa yà, ọwọ́ ọ̀tún tàbí òsì, àmì tí kì í kúrò níbẹ̀ bí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ mú nọ́ńbà náà. Ẹ kọ ọ́ pé ọ̀nà ò ṣeé gbà lásìkò òjò tó bá rí bẹ́ẹ̀.

Ìwé yìí wúlò ju ti kòkó lọ. Tí ejò bá bu èèyàn jẹ lóko, tàbí tí aláboyún ń rọbí lábà, ẹni tó wà nílùú á lè sọ ọ̀nà fún awakọ̀. Tẹ́ ẹ bá pe 112, ẹ ka nọ́ńbà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, "méje, póíńtì, òdo, mẹ́sàn-án", kí wọ́n kà á padà fún yín. Tí dátà ò bá lọ, tẹ́ẹ̀sì lásán lè lọ: ẹ kọ maps.google.com/?q=7.09,4.84, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà tiyín dípò, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù tó ní dátà, máàpù á ṣí. Lórí WhatsApp ẹ mú èyí tó ní ibi tẹ́ ẹ wà báyìí, ẹ má mú orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lábẹ́ ẹ̀, torí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ló máa fi ránṣẹ́.

Tó bá kan yíyí ààlà po, ẹ má dá a ṣe. Ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ jọ pààlà, kẹ́ ẹ jọ máa tẹ̀ lé pèrègún láti ibì kan títí dé ibì kan, ẹ mú nọ́ńbà níbi tí ààlà bá ti ṣẹ́ kọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tó bá mú àríyànjiyàn wá, ẹ parí ẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ fóònù. Ẹ sì mọ̀ pé èyí kì í ṣe ìwé ilẹ̀ o, kò rọ́pò iṣẹ́ sọ̀fíyọ̀, kò sì sọ ẹnikẹ́ni di onílẹ̀.

Ẹni tó bá wá gba nọ́ńbà, ẹ bi í pé ta ló rán an, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, kó sì kọ ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún yín kó tó lọ. Ẹ má fi nọ́ńbà ilé tàbí oko sí gúrúùpù tí èrò pọ̀ sí, pàápàá lásìkò tówó kòkó ń wọlé, torí àwọn oníṣẹ́ ibi náà mọ máàpù kà. Lọkéṣọ̀n tó ń tẹ̀ lé yín kiri lórí WhatsApp, tẹ́ ẹ bá ṣí i fún ẹnì kan, wákàtí 8 ló lè fi máa rí yín, ẹ lọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ pa á tẹ́ ẹ bá ti pàdé.