Bí A Ṣe Ń Pín Kálórì Òòjọ́ Sí Oúnjẹ Àárọ̀, Ọ̀sán àti Alẹ́

Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀, alẹ́ ni oúnjẹ gidi máa ń dé. Láàárọ̀, tíì àti búrẹ́dì ni, tàbí kí ènìyàn jáde láìfi nǹkan kan kan ẹnu. Lọ́sàn-án, ohun tí ọwọ́ bá tẹ̀ lẹ́bàá ibi iṣẹ́ ni. Bí ó bá wá di agogo mẹ́sàn-án alẹ́, òkèlè ńlá yóò dé pẹ̀lú ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀, oorun yóò sì tẹ̀lé e. Ẹni tí ó ń jẹun báyìí lè máa rò pé òun kò jẹ nǹkan gidi kan láti àárọ̀, síbẹ̀ kí ó ti jẹ ju ìdajì kálórì òòjọ́ rẹ̀ (ìyẹn ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara) lọ lórí ìjókòó kan ṣoṣo. Ìpín yìí ni mo fẹ́ kí a tún ṣe, láìfi oúnjẹ ilé wa sílẹ̀.

A kò lè pín ohun tí a kò mọ iye rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ ṣírò iye kálórì tí ara yín ń ná lóòjọ́. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń lò jù ni ti Mifflin àti St Jeor, tí ó jáde ní ọdún 1990. Ẹ sọ ìwọ̀n ara yín ní kílò di púpọ̀ lọ́nà 10, ẹ sọ gíga yín ní sẹ̀ǹtímítà di púpọ̀ lọ́nà 6.25, ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì yọ ọjọ́ orí yín lọ́nà 5 kúrò nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, kí ó fi 5 kún un. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, kí ó yọ 161. Ohun tí ó bá kù ni ara ń ná bí ènìyàn tilẹ̀ dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tí ó ń jókòó ṣiṣẹ́ yóò sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 1.2, ẹni tí ó ń rìn díẹ̀ lọ́nà 1.375, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gba agbára díẹ̀ sí i lọ́nà 1.55.

Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin ẹni 40 ọdún kan, tí ó wọn kílò 80, tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 162, tí ó sì ń rìn díẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ yóò fún un ní nǹkan bí 2,000 kálórì. Bí ó bá fẹ́ fọn díẹ̀, kí ó yọ 400 kúrò, kí ó máa jẹ 1,600. Èmi yóò pín in fún un báyìí: 500 láàárọ̀, 550 lọ́sàn-án, 150 fún ìpápánu ní ìrọ̀lẹ́, 400 lálẹ́.

Ẹnìkan lè béèrè ìdí tí mo fi dín ti alẹ́ kù. Ínsúlínì, èròjà inú ara tí ń mú kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀ ju alẹ́ lọ, nítorí náà àwo oúnjẹ kan náà máa ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè sí i bí a bá jẹ ẹ́ lálẹ́. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín pé oúnjẹ àárọ̀ ńlá nìkan ni yóò yọ́ ọ̀rá. Nínú ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ní Aberdeen, ní ilẹ̀ Scotland, tẹ̀ jáde ní ọdún 2022, àwọn ènìyàn jẹ ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún kálórì wọn láàárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì jẹ irú ìdá bẹ́ẹ̀ lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn. Bákan náà ni wọ́n fọn. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ebi kò pa wọ́n tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n jẹ púpọ̀ láàárọ̀. Àǹfààní ńlá ni èyí, nítorí pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: ẹni tí ebi ti ń pa láti agogo mẹ́jọ àárọ̀ kò lè rántí ìwọ̀n kankan nígbà tí ó bá dé ìdí àwo ní alẹ́.

Fún 500 ti àárọ̀, iṣu sísè tí ó wọn gíráàmù 200, pẹ̀lú ẹyin méjì tí a fi ṣíbí ńlá òróró kan dín, yóò tó o gẹ́lẹ́. Lọ́sàn-án, ìrẹsì sísè gíráàmù 200, ọbẹ̀ ata tí ṣíbí òróró kan péré wà nínú ti àwo náà, àti ẹja kan tí kò tóbi. Ẹ̀pà yíyan tí ó tó ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan, bíi gíráàmù 25, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 150 ti ìrọ̀lẹ́. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan náà lè tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dá ebi dúró, nítorí náà n kò gbà yín níyànjú pé kí ẹ ná ìpín yín sórí rẹ̀.

Orí òkèlè àti epo ni ìṣirò ti máa ń dàrú jù, ó sì yẹ kí a fara balẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wọn gàrí kí ẹ tó tẹ ẹ̀bà, kí ẹ má ṣe wọn ẹ̀bà, nítorí omi ń mú un wúwo sí i láìfi kálórì kankan kún un. Gàrí gbígbẹ gíráàmù 100 ní nǹkan bí 350 kálórì, èlùbọ́ kò sì jìnnà sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àmàlà fúyẹ́ ju ẹ̀bà lọ, ṣùgbọ́n bí a bá wọn wọ́n ní gbígbẹ, ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Bí òkèlè ti pọ̀ tó ni ọ̀rọ̀ náà. Fún 400 ti alẹ́, gàrí gíráàmù 60 ni mo máa fi sí i, tí í ṣe nǹkan bí 210, kí ẹ̀fọ́ rírò púpọ̀ àti ẹja tàbí ẹran díẹ̀ kún èyí tí ó kù. Òkèlè náà yóò kéré lójú yín lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ fi ẹ̀fọ́ kún àwo náà.

Ní ti epo, gíráàmù kan oúnjẹ afúnnilókun tàbí amúaradàgbà ní kálórì 4, ṣùgbọ́n gíráàmù kan ọ̀rá ní 9, ìdí nìyí tí ṣíbí ńlá epo pupa kan fi ní nǹkan bí 120. Ẹ má ṣe da epo sínú ìkòkò tààrà láti inú ìgò tàbí kẹ́ẹ̀gì. Ṣíbí ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Bí ṣíbí 12 bá wọ ìkòkò tí àwo 8 yóò jáde nínú rẹ̀, ṣíbí kan àbọ̀ ló wà nínú àwo kọ̀ọ̀kan, 180 kálórì nìyẹn kí a tó ka ẹran. Bí ẹ bá dín in kù sí ṣíbí 8, ẹ ti rí 60 kálórì padà láìdín òkèlè kù.

Ẹni tí ó ń jáde kúrò ní Ìkòròdú tàbí Sàngó ní agogo márùn-ún ìdájí kò lè jẹ iṣu kí ó tó kúrò nílé, kò sì pọn dandan. Kí ó gbé e sínú kúlà, kí ó jẹ ẹ́ ní agogo mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Ní oṣù Ràmàdáànì, ẹ pín iye kan náà sí sààrì àti ìṣínu, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ìṣínu gba gbogbo rẹ̀.

Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí ó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí tí ó ń lo oògùn tí ń fa ṣúgà wálẹ̀, kò gbọdọ̀ yí ìwọ̀n tàbí àkókò oúnjẹ rẹ̀ padà láìkọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí ó léwu. Aláboyún, ìyá ọlọ́mọ tí ń fún ọmọ lọ́mú àti ọmọdé kò sí nínú àwọn tí a ń yọ 400 fún.

Ẹ máa wọn ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ kan náà, kí ẹ tó jẹun. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá tí ìwọ̀n náà kò sún, ẹ yọ 100 kálórì sí i, kí ẹ sì yọ ọ́ lára epo tàbí òkèlè alẹ́, kí ẹ má ṣe yọ ọ́ lára ẹyin àárọ̀.